Òjò Ń Ṣú Bọ̀, Mọ́tò Ń Lọ: Bí A Ṣe Ń Ya Á

Ẹ wo àwòrán yìí. Ojú ọ̀run dúdú kirikiri, síbẹ̀ ẹ wo ọ̀pẹ tó wà níwájú rẹ̀: gbogbo imọ̀ rẹ̀ ló ń dán bí ẹni fi epo pa á. Inú mọ́tò ni mo wà nígbà tí mo yà á, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè, a ò sì dúró. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé irú kámẹ́rà wo ni. Kì í ṣe kámẹ́rà ló ṣe é, ibi tí oòrùn wà ló ṣe é.

Lásìkò àkọ́rọ̀ òjò, láti ìlà-oòrùn ni ìjì òjò ti sábà máa ń wá bá wa. Atẹ́gùn kan ń fẹ́ lókè réré, bíi kìlómítà 3 sí 4 sókè, òun ló ń tì í lọ sápá ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ló sì wọ́pọ̀ jù. Nítorí náà, bó bá di nǹkan bí agogo 5, oòrùn ti ń re ìwọ̀, òjò ń ṣú bọ̀ lódìkejì. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, ẹ kọjú sí òjò. Igi, òrùlé, àpáta, gbogbo wọn á mọ́lẹ̀ yanran, òkùnkùn á wà lẹ́yìn wọn. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí ìkùukùu bá ti bo oòrùn báyìí, gbogbo rẹ̀ á dà bí eérú.

Gúúsù ni mọ́tò ń kọjú sí bí ẹ bá ń ti Àkúrẹ́ lọ, ìlà-oòrùn á wà lọ́wọ́ òsì. Ẹ jókòó sẹ́yìn dírẹ́bà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń bọ̀ á máa gba àárín ẹ̀yin àti òjò kọjá. Tírélà kan ti gba àwòrán kan lọ́wọ́ mi tó ṣì ń dùn mí dòní. Ìgbà tí a bá ń padà bọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí ọwọ́ ọ̀tún ni ìlà-oòrùn máa wà, kò sí ọkọ̀ tó máa dí wa lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń wakọ̀ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kámẹ́rà. Títì ń yọ̀ lójò. Ẹ̀yin náà, ẹ de bẹ́líìtì.

Mọ́tò tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń lọ ju mítà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ojú kámẹ́rà bá ṣí fún 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, a ti rìn ju sẹ̀ǹtímítà 27 kó tó padé, koríko ẹ̀bá títì á fà tuuru. Ẹ gbé e sí 1/1000: ìrìn náà ò ní tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ gbé ISO, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 800 tàbí 1600, torí ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀. Tó bá jẹ́ fóònù ni, á fẹ́ sọ òkùnkùn di funfun. Ẹ tẹ ibi tó ṣú lójú fóònù, kí ẹ fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ síbẹ̀ wálẹ̀.

Gíláàsì mọ́tò ló ṣòro jù. Nígbà kan, mo ya àìmọye àwòrán láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè, mo délé, ẹ̀kán òjò ara gíláàsì nìkan ni kámẹ́rà rí. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan mọ́ kedere, òkè kékeré kan sì dorí kodò nínú rẹ̀. Òkè gidi tó wà lẹ́yìn, kùrukùru ni. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń tẹ ohun tó jìnnà jù mọ́lẹ̀ lójú fóònù títí ojú kámẹ́rà á fi dúró lórí rẹ̀. Ẹ gbé e sún mọ́ gíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ má fi kàn án, torí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n. Ẹ wọ aṣọ dúdú: gíláàsì máa ń ṣe bíi dígí, aṣọ funfun yín á yọ sójú ọ̀run nínú àwòrán.

Bí òjò bá dá, ẹ má tíì gbé kámẹ́rà pa mọ́. Àwòrán mìíràn tí ẹ ń wò yìí, agogo 6 ti kọjá nígbà tí mo yà á. Àpáta Ìdànrè ti tutù, ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, omi ń ya wálẹ̀ lára rẹ̀ bí okùn funfun, ìkùukùu sì ṣì ń fà lórí rẹ̀.