Nígbà Tí Búrẹ́dì Wọ́n: Ohun Tó Ń Mú Ara Bá Ara Rẹ̀ Jà

Ẹ kú ìjókòó o. Ìgbà òtútù ọdún 1944 wọ 1945 ni mo fẹ́ mú yín lọ, lórílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ ogun Jámánì ti dí ọ̀nà oúnjẹ, ìyàn sì mú débi pé iṣu òdòdó tulip ni àwọn kan ń sè jẹ.

Dókítà àwọn ọmọdé kan wà níbẹ̀, ní ìlú The Hague, tó ń jẹ́ Willem Karel Dicke. Àwọn ọmọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìgbẹ́ gbuuru ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ikùn wọn wú, ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, wọn ò dàgbà. Ó ti pẹ́ tí Dicke ti ń fura sí búrẹ́dì, ìyàn yìí ló wá là á lójú sí i: bí gbogbo ìlú ṣe ń rù, ara àwọn ọmọ yìí ń mókun. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà dé. Ẹ rò ó wò ná. Búrẹ́dì tí gbogbo ìlú ń fojú sọ́nà fún, òun gan-an ló ń ṣe wọ́n ní jàǹbá.

Ní 1950 ló kọ ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ ní yunifásítì Utrecht. Celiac ni orúkọ àìsàn náà.

Ara wa ní ọmọ ogun tirẹ̀. Bí kòkòrò àìsàn bá wọlé, àwọn ló ń dojú ìjà kọ ọ́. Nínú irú àìsàn tí à ń sọ yìí, ṣe ni wọ́n ṣi ẹni mú: ará ilé ni wọ́n ń yìnbọn sí.

Báwo ni búrẹ́dì ṣe wá fà á? Nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ráì, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní gluten. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì fà bíi rọ́bà. Ikùn wa kì í lè lọ̀ ọ́ kúnná tán. Èyí tó ṣẹ́ kù á wọ inú awọ ìfun, èròjà kan tó jẹ́ ti ara wa níbẹ̀ á pa á lára dà díẹ̀, ọmọ ogun ara á wá rí i bí ọ̀tá. Wọ́n á bá gluten jà, wọ́n á sì tún bá èròjà ara wa tó pa á lára dà yẹn jà. Inú ìfun kékeré wa dà bí aṣọ ìnura, ó ní àwọn fọ́nrán tín-tìn-tín tó ń fa oúnjẹ sára. Ìjà yìí á fá wọn balẹ̀. Ọmọ ń jẹun, oúnjẹ ò wọ ara.

Ẹ má torí èyí sá fún búrẹ́dì o. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó máa ní celiac ti ní láti jogún àbùdá kan látọ̀dọ̀ òbí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ní àbùdá náà ń jẹ búrẹ́dì dọjọ́ ogbó, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ní Yúróòpù, bí ẹnì kan nínú 100 ló ní in. Àmọ́ láàárín àwọn ọmọ Sahrawi ti aṣálẹ̀ Sàhárà, ní Áfíríkà wa níbí, ìwádìí kan tó jáde ní 1999 rí i lára ọmọ 5 sí 6 nínú 100. Wàrà ràkúnmí, ẹran àti déètì ni baba ńlá wọn ń jẹ kí búrẹ́dì tó gbapò wọn.

Iṣu, gààrí, ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀wà: kò sí gluten nínú ìkankan wọn. Semo, indomie, mákàróònì, pọ́fù-pọ́fù àti ṣin-ṣin ní in.

Oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń dá irú ìjà yìí sílẹ̀. Lupus, àìsàn mìíràn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà, ló ń dùn mí jù, torí ó wọ́pọ̀ lára obìnrin dúdú ju funfun lọ ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ẹni 10 tó ní in, bí 9 ló jẹ́ obìnrin. Oòrùn wà lára ohun tó ń ta á jí: ìtànṣán rẹ̀ á pa sẹ́ẹ̀lì awọ, ohun inú wọn á tú síta, ọmọ ogun ara tó ti ṣìnà á rí i, ìjà á bẹ̀rẹ̀, ó sì lè dé oríkèé àti kíndìnrín. Awọ dúdú ń dáàbò bò wá lóòótọ́, àmọ́ kò tó fún ẹni tó ní lupus. Kó dé fìlà tó ṣíji bojú, kó wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, kó fi ìpara tó ń dènà oòrùn para. Ohun mìíràn tún ni pé ohun tí lupus máa ń sú sójú, tí wọ́n máa ń júwe pé ó pupa, ó lè dúdú ju awọ yòókù lọ lára tiwa, àwọn èèyàn á sì ní ooru ló fà á.

Sìgá náà ń dá kún irú àrùn oríkèé kan tí ara fi ń bá ara jà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí. Nínú celiac, yíyọ gluten kúrò nínú oúnjẹ ni ìtọ́jú gan-an; ìfun á san. Lupus ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí àgbo, kò sí ààwẹ̀, kò sí ọbẹ̀ tó lè rọ́pò oògùn rẹ̀. Hydroxychloroquine wà lára oògùn náà, ìbátan chloroquine tí a máa ń lò fún ibà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró torí pé ẹnì kan ní kó má jẹ ẹran mọ́, kíndìnrín rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Bí ẹ bá sì ń fura sí búrẹ́dì, ẹ má tíì jáwọ́ nínú rẹ̀. Ohun ìjà tí ara ń kó jáde nítorí gluten ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ celiac ń wá. Bẹ́ ẹ bá ti fi búrẹ́dì sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀, ohun ìjà yẹn lè ti lọ, àyẹ̀wò á sì ní kò sí nǹkan kan. Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ títí dókítà á fi gba ẹ̀jẹ̀ yín.