Òórùn Tí Kò Yẹ Kó Wà Nínú Ògógóró

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń sè ògógóró ní agbègbè odò ìpínlẹ̀ Òǹdó sọ nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń sè ògógóró kí wọ́n tó bí mi, torí náà mi ò wá kọ́ yín bí a ṣe ń dáná sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan tí ẹ máa ń bi mí nígbàkigbà tí mo bá wálé ni mo wá dáhùn: kí ló dé tí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá fi mọ́ lẹ́nu, tí ti ọ̀sẹ̀ yìí sì ń ta sí imú, tó ń fọ́ ni lórí, nígbà tó jẹ́ pé inú irà kan náà la ti gbé ọ̀gọ̀rọ̀ méjèèjì wá?

Púpọ̀ nínú òórùn tí ẹ ń bá jà lẹ́nu páìpù, inú ẹmu ni wọ́n ti bí i. Dúrọ́ọ̀mù kàn ń kó o jọ fún yín ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú irà. Omi tó ń kán láti ara igi ọ̀gọ̀rọ̀ dùn nítorí pé ṣúgà wà nínú rẹ̀. Kó tó kún kèrègbè ni ìwúkàrà ti wọ inú rẹ̀, tó ń jẹ ṣúgà náà, tó ń sọ ọ́ di ọtí. Ìfóòfó tí ẹ ń rí lórí rẹ̀, iṣẹ́ ìwúkàrà ni. Láàárín wákàtí 24, ọtí inú ẹmu lè tó ìdá 5 nínú 100. Bó bá jẹ́ ìwúkàrà nìkan ló ń gbé ibẹ̀ ni, wàhálà wa ì bá kéré. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò mìíràn wà níbẹ̀ tí ojú kò lè rí. Àwọn kan ń sọ ọtí di fínígà, wọn kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí afẹ́fẹ́. Fínígà yìí àti ọtí a wá para pọ̀ di ohun tí wọ́n ń pè ní ethyl acetate, òun ló ń rùn bí ọ̀dà tí àwọn ọmọge ń kùn sí èékánná. Òmíràn wà tó ń jẹ́ Zymomonas. Òun àti ìwúkàrà jọ ń du ṣúgà kan náà, òórùn imí ọjọ́ ló sì sábà máa ń fi sílẹ̀, bí ẹyin tó ti dòbu.

Nítorí náà, afẹ́fẹ́ àti ìdọ̀tí ni ká kọ́kọ́ bá jà. Ẹ fi omi gbígbóná fọ kèrègbè àti jẹ́ríkánì. Ẹ jẹ́ kí ẹmu kún ohun tí ẹ bá rọ ọ́ sí dé ọrùn, kí àyè afẹ́fẹ́ kéré, kí ẹ sì bò ó, àmọ́ kí ìdérí má le jù, torí afẹ́fẹ́ tí ẹmu fúnra rẹ̀ ń tú jáde gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Mo mọ̀ pé owó igi ìdáná ló ń jẹ́ kí ẹ fi ẹmu sílẹ̀ di ọjọ́ kẹjọ kí dúrọ́ọ̀mù lè kún. Ní tèmi, ìlàjì dúrọ́ọ̀mù ní ọjọ́ kẹta sàn ju odindi lọ ní ọjọ́ kẹjọ. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ọtí tí ẹ ti ní ni àwọn kòkòrò fínígà ń jẹ, ẹ ń pàdánù rẹ̀, ẹ tún ń ra òórùn lé e.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ má dà á sínú dúrọ́ọ̀mù. Ìsàlẹ̀ ló máa sùn sí, ibẹ̀ ló sì máa jóná sí. Òórùn ìjóná nìkan ni iná fúnra rẹ̀ ń bí, bó bá sì ti wọ inú ọtí, kò sí ọgbọ́n tí a lè fi yọ ọ́.

Ìyá àgbà mi kò mọ̀wé. Bí ọtí bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán lẹ́nu páìpù, wọn á gba ẹ̀kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọn á fi ọwọ́ kejì ra á títí yóò fi gbẹ, wọn á wá gbé ọwọ́ méjèèjì bo imú. Wọn á mi orí. Wọn á dúró díẹ̀, wọn á tún gbà. Nígbà tí wọn kò bá mi orí mọ́ ni wọ́n tó máa sọ pé, "Ẹ gbé ìgò wá." Gbogbo èyí tó ti kán ṣáájú, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń dà á sí. Ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Orí ọtí ni wọ́n ń gé kúrò, kí wọ́n lè gba àárín.

Ohun tó bá ń tètè hó ló sábà máa ń ṣáájú jáde. Ọtí gidi, ìyẹn ethanol, ń hó ní ìwọ̀n ìgbóná 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Acetaldehyde, tó ń rùn bí ápù tí kò tíì pọ́n tó sì ń ta sí ojú, ń hó ní 20 péré. Ethyl acetate ń hó ní 77. Ẹnìkan lè sọ pé 77 àti 78 kò jìnnà síra, báwo ló ṣe ń ṣáájú? Òun àti omi kò rẹ́ ni. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá pọ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù, ńṣe ló ń lé e jáde. Àwọn tó wúwo ń bẹ lẹ́yìn, irú isoamyl alcohol tó ń hó ní 131, pẹ̀lú àwọn ọ̀rá tó ń jẹ́ kí ọtí funfun bí omi ògì nígbà tí a bá bu omi sí i. Ìrù ọtí nìyẹn. Òórùn páálí tó rẹ sómi, òórùn ajá tí òjò pa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Lítà 100 ẹmu, bí ìdá 5 bá jẹ́ ọtí, lítà 5 ọtí gidi ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ògógóró yín jẹ́ ìdá 40 nínú 100, kò lè kọjá lítà 12 àbọ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ da ẹ̀kán kan nù. Ẹni tó bá gba lítà 20 ti gba ìrù mọ́ ọn. Ẹ má da ìrù nù o, ẹ dà á mọ́ ẹmu tí ẹ máa sè tẹ̀lé e, ọtí ṣì wà nínú rẹ̀. Orí ni kí ẹ má dá padà.

Iná pẹ̀lẹ́ ló ń jẹ́ kí orí, àárín àti ìrù yàtọ̀ síra. Bí iná bá le, gbogbo wọn á jọ sáré wọnú páìpù ni, kódà ìfóòfó ẹmu fúnra rẹ̀ á bá wọn lọ. Mo máa ń rò ó pé ìkánjú yìí, ogún ayé òyìnbó ni. Ìjọba amúnisìn fòfin de ògógóró, wọ́n ń mú àwọn tó ń sè é, inú igbó lóru ni àwọn bàbá wa ń sè é. Ẹni tó ń sá pamọ́ kò lè fara balẹ̀ gbọ́ òórùn ẹ̀kán.

Páìpù bàbà dára, torí bàbà máa ń mú imí ọjọ́, á sì dúdú nínú. Ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dá ti ara mi sè, mi ò fọ páìpù, ẹ̀kán àkọ́kọ́ sì jáde ní àwọ̀ ewé. Ìpẹtà bàbà ni, májèlé ni. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi gbígbóná ni mo fi ń fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ náà. Rédíétọ̀ mọ́tò tí àwọn kan ń lò dípò páìpù ní tirẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lò ó láé. Òjé wà nínú ohun tí wọ́n fi jó o pọ̀, òjé kì í sì í rùn.

Ohun tí kì í rùn ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí báyìí. Yàtọ̀ sí ìpẹtà bàbà tí ojú ń rí, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ ṣáájú òjé, imú lè mú un. Methanol, irú ọtí mìíràn tó jẹ́ májèlé, imú kò lè mú un, òórùn rẹ̀ àti ti ọtí gidi fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ẹ kò tíì gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 2015 ní Òde-Ìrèlè. Orí ń fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ń ṣú, kí ilẹ̀ tó mọ́ àwọn kan ti kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, àwọn mìíràn ní oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko ni. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé methanol ni. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ògógóró.

Ohun kan tó wà nínú èèpo àti ẹran èso ni methanol ti ń jáde, kò sì pọ̀ nínú omi ọ̀gọ̀rọ̀. Bí ó bá pọ̀ débi tó ń pani, ọwọ́ èèyàn ló sábà máa ń bu ú mọ́ ọtí. Ó ń hó ní ìwọ̀n 65, àwọn kan sì rò pé bí a bá ti da orí nù, ó ti lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú omi àti ọtí, ó máa ń bá wọn rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iná búlúù tí ẹ fi ń dán ọtí wò kò lè fi í hàn. Nítorí náà ẹ má ra kẹ́míkà inú jẹ́ríkánì tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ fi kún ọtí, bó ti wù kí ó dín owó tó. Bí ojú ẹni tó mutí lánàá bá ń ṣú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ìdí àgbo. Oògùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wákàtí ṣe ń lọ ni ojú ń lọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ìyá kan béèrè bóyá èédú lè pa òórùn. Ó lè dín in kù, àmọ́ kò lè wo ẹmu tó ti bàjẹ́ sàn. Mo wá gbé ìgò kéékèèké mẹ́wàá tí mo ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìsè kan jáde. Mo ti fi aṣọ funfun bo ẹnu wọn di ọjọ́ kejì, kí ohun tó fẹ́ fò lọ lè lọ. Mo bu omi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbé wọn yí ká, kí wọ́n gbọ́ òórùn wọn láì mu ún. Àwọn àgbà kọ 1 àti 2 lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gba 3 dé 7. Ìgò 8 ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn nígbà tí mo ń kó ẹrù mi.