Ẹ Wá Jẹun Òwúrọ̀

Bíbélì kíkà: Jòhánù 21:1-15

Ẹ káàárọ̀ o, ará nínú Olúwa. A kú ọdún Àjíǹde, a kú àárẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí: àlùfáà tí ohùn rẹ̀ ti há, kátíkíìsì tó ń fi ọ̀kadà gbé fíkà kiri, ìyá tó fọ aṣọ pẹpẹ tó tún lọ̀ ọ́, àti ẹ̀yin ìyàwó àlùfáà tẹ́ ẹ ò rí ọkọ yín bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ kẹjọ.

Láti 29 oṣù Kẹta tí a gbé imọ̀ ọ̀pẹ yí àdúgbò ká, títí di 5 oṣù Kẹrin, ìsìn mẹ́wàá ni mo darí. Alaalẹ́ ni, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́rú. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo fọ ẹsẹ̀ ènìyàn méjìlá. Ní Ẹtì Rere, ọ̀rọ̀ méje orí àgbélébùú, aago méjìlá ọ̀sán sí mẹ́ta. Nígbà tí mo dé orí "Òùngbẹ ń gbẹ mí", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, omi inú fìríìjì ilé ni ọkàn mi wà. Àìsùn Sátidé, ìsìn ìdájí Àjíǹde, lẹ́yìn náà ìjọ kékeré méjì ní abúlé.

Ìjọ tó gbẹ̀yìn yẹn ni ojú ti tì mí. Mo ń pín Ara Olúwa, ẹnu mi ń sọ ohun tó yẹ, ọkàn mi ń ka iye àwọn tó ṣẹ́ kù lórí ìkúnlẹ̀. "Krístì jíǹde!" tí mo ti ń ké láti ìdájí, bí kọ̀ndọ́ ṣe ń pe Dùgbẹ̀ ni. Ó ń pè é látàárọ̀, kò ní nǹkan kan tó fẹ́ rà níbẹ̀.

Lánàá, ọjọ́ Gálílì, ìyẹn Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Àjíǹde, gbogbo ìjọ ti wà ní pápá ilé-ìwé, ìlù ń dún. Mo yọ́ lọ sínú ọkọ̀, mo na ìjókòó sẹ́yìn. Ìyá àgbà kan nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá wá kan gíláàsì. Mo fẹ́ dìde jókòó, torí ẹni tó bá wá kan gíláàsì fíkà, ẹ̀bẹ̀ ló sábà máa ń bá wá. Màmá ní, "Baba, ẹ má dìde o. N ò bá ti àdúrà wá. Ẹ jẹun." Mọ́ínmọ́ín eléwé mẹ́ta, ẹ̀kọ tútù méjì. Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo tú ewé àkọ́kọ́, omijé bọ́ sórí rẹ̀.

Ẹ wo Gálílì ti àkọ́kọ́. Àwọn méje lọ pẹja, wọ́n ṣiṣẹ́ mọ́jú lásán. Olúwa ní kí wọ́n ju àwọ̀n sí apá ọ̀tún, 153 ẹja ńlá kó sí i. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fa àwọ̀n yẹn gúnlẹ̀, iná ẹyín ti wà nílẹ̀, ẹja kan ti wà lórí rẹ̀, tòun ti àkàrà. Olúwa tó ṣẹ́gun ikú ti dáná de òṣìṣẹ́ rẹ̀! Kò ní kí Pétérù wá jábọ̀. "Ẹ wá jẹun òwúrọ̀" ni. Mo fẹ́ràn òwúrọ̀ tí Bíbélì àtijọ́ wa, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther ṣe làálàá lé lórí, fi sí i yẹn. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán, ní ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún, ló tó dárúkọ àgùntàn. Àwa ti yí i po: a ní ká bọ́ àgùntàn tán ná, a ò sì bọ́ wọn tán rí.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Jésù, Ìwọ tó mọ ẹja yan, mo dé. N ò mú ìwàásù lọ́wọ́. Bọ́ mi.

Dárí gbogbo "Halelúyà" tí mo ké láìtọ́ ọ wò jì mí. Dárí omi inú fìríìjì jì mí.

Ohùn mi tó há, wò ó sàn. Ẹsẹ̀ mi tó wú, fọ̀ ọ́, Ìwọ tó fọ ẹsẹ̀ Pétérù. Ẹ̀rín tí mo kó fún ìjọ tán, tí mo wá gbé ojú líle wọlé fún ìyàwó àtọmọ, Olúwa, dá a padà fún mi, dá a padà sí ilé mi.

Rántí kátíkíìsì tó wà ní oko, tó ń dá ìsìn ṣe, tó ń dá agogo lù. Rántí àlùfáà tó sin òkú ní Ẹtì Rere tó sì gbọ́dọ̀ jó ní ọjọ́ Àjíǹde. Rántí ìránṣẹ́ rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù tó ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ sórí pẹpẹ. Rántí èyí tó ń wàásù Àjíǹde tí ọkàn rẹ̀ ń bi í léèrè bóyá òótọ́ ni. Má pariwo mọ́ ọn, Olúwa. Fi ẹja hàn án.

Bí áńgẹ́lì ṣe fọwọ́ kan Èlíjà lẹ́ẹ̀mejì ní aginjù, fọwọ́ kàn wá lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ̀ẹ̀mejì ò bá tó, fọwọ́ kàn wá lẹ́ẹ̀kẹta!

Ìwọ àárẹ̀ tó fẹ́ di àìsàn sí wa lára, a lé ọ jáde! Ìwọ oorun tó ń lúgọ de àlùfáà nídìí ọkọ̀ láàárín ìjọ kan sí èkejì, o ò ní rí wa mú! Ikú òjijì orí pẹpẹ, a kọ̀ ọ́! Ìbínú tó ń dìde sí àwọn àgùntàn tá a ní ká ṣọ́, kú lónìí! Kú pátápátá! Òkúta tó dí ẹnu ibojì ò lè dá Jésù dúró, ìwọ àárẹ̀, ta ni ọ́?

Olúwa, màmá tó gbé mọ́ínmọ́ín wá lánàá: má jẹ̀ẹ́ kí ìkòkò rẹ̀ gbẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ tó fi pọ́n ewé wárìrì. Ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ò bá gbé ìdáná mọ́, jẹ́ kí ẹnìkan gbé tirẹ̀ wá bá a níbi tó jókòó sí, ní gbígbóná, kí onítọ̀hún má sì bá ẹ̀bẹ̀ kankan wá. Ní orúkọ Jésù. Àmín.