Ojú Ara Tó Ń Gbẹ Lẹ́yìn Tí Nǹkan Oṣù Bá Dúró

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjókòó. Ooru tó máa ń mú obìnrin lójijì nígbà tí nǹkan oṣù bá ń lọ, a máa ń sọ ọ́ síta, a tiẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ láàárín èrò pé ojú ara òun gbẹ, pé ó ń ta òun, pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun ṣáá, pé òun ń sá fún ọkọ òun nítorí ìrora? Ooru yẹn sábà máa ń rọlẹ̀ tó bá yá. Gbígbẹ yìí kì í sábà lọ fúnra rẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló ń le sí i.

Ẹ́sítírójìn, ìyẹn họ́mọ̀nù obìnrin, tó dínkù lára ló fà á. Òun ló ń mú kí awọ inú ojú ara nípọn kó sì rọ̀, òun náà ló ń jẹ́ kí awọ yẹn ní oúnjẹ fún àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣoore, tí wọ́n ń mú kí ibẹ̀ kan díẹ̀ kí kòkòrò burúkú má baà ráyè. Bó bá ti lọ, awọ á fẹ́lẹ́, kòkòrò ìdí á sì rọ́nà dé àpò ìtọ̀. Ìdí nìyí tí ìyá ẹni ọdún 60 fi lè máa ra oògùn “tọ́ílẹ́ẹ̀tì ínfẹ́kṣàn” léraléra. Ilé ìyàgbẹ́ kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ́sítírójìn wà tí a ń fi sínú ojú ara níbẹ̀ gan-an: kírìmù, hóró kékeré, tàbí òrùka rírọ̀ tí a ń pààrọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Hóró tó wọ́pọ̀ jẹ́ máíkírógíráàmù 10, ọ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún un tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Nínú ìwádìí tí Raz àti Stamm gbé jáde ní 1993, àwọn tó lo irú kírìmù bẹ́ẹ̀ ní àrùn ìtọ̀ bí ìlàjì ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn tí wọn kò fún ní kírìmù náà ní in bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ́dún.

Jẹjẹrẹ ńkọ́? Ìròyìn tó dẹ́rù bà wá jáde ní 2002, láti inú ìwádìí Women's Health Initiative ní Amẹ́ríkà. Oògùn gbígbé mì ni wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀, ẹ́sítírójìn pẹ̀lú họ́mọ̀nù mìíràn. Hóró abẹ́ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ní 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà kí apòògùn máa ta Gina, tó jẹ́ ọ̀kan nínú hóró abẹ́ yìí, láìsí ìwé dókítà, fún obìnrin ẹni ọdún 50 sókè tí kò rí nǹkan oṣù fún ọdún kan ó kéré tán. Ẹ̀yin ará London, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí kò gbọdọ̀ dá a rà. Kí ó kọ́kọ́ bá dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì tún rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ, kì í ṣe ìdí kírìmù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé fi álọ́ọ̀mù àti ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ inú ibẹ̀. Gbígbẹ lẹ ń fi kún gbígbẹ.

Wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni pé àtọ̀ ọkùnrin máa ń dúró sínú obìnrin tí kò ṣe nǹkan oṣù mọ́, kí ikùn rẹ̀ sì wú. Rárá o. Ikùn tó bá ń wú, dókítà ni kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn lé bàbá kúrò ní yàrá.