Testosterone fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró: iṣẹ́ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àti ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò wa tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, àti ẹ̀yin ọkọ tí ẹ bá aya yín wá. Inú yàrá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí sí. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wa tó wà ní ìlú ọba ń béèrè oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà wọn, àwọn tó wà nílé sì ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn láìgbọ́ ìwọ̀n lè fi ohùn rẹ̀ san án.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò. Testosterone, họ́mónù tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ ọkùnrin, kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Ilé ẹyin obìnrin ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yà ara kékeré tó jókòó lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ń pèsè ohun tí ara fi ń ṣe é. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́bìnrin, testosterone pọ̀ ju estrogen, họ́mónù tí a mọ̀ mọ́ obìnrin, lọ ní ìwọ̀n. Láti ìgbà tí obìnrin bá ti wà ní ẹni ogún ọdún ni ó ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá ti lé ní ogójì, ó lè ku nǹkan bí ìdajì. Kì í ṣe ọjọ́ tí nǹkan oṣù dúró ni ó ń já lulẹ̀ bí estrogen ṣe ń já. Ẹni tí tirẹ̀ ń já lójijì ni obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n yọ ilé ẹyin rẹ̀ méjèèjì: ìdajì testosterone rẹ̀ á lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí wá ni oògùn yìí ń ṣe? Ní 2019, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ìṣègùn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fẹnu kò, wọ́n sì gbé ìpinnu kan jáde lórí testosterone fún obìnrin. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rí ẹ̀rí tó dájú fún: obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, tí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ rẹ̀ ti lọ, tí lílọ rẹ̀ sì ń dun òun fúnra rẹ̀. Ní ọdún náà ni ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Diabetes & Endocrinology tẹ àkójọ ìwádìí 36 jáde, tí obìnrin 8,480 kópa nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé, tí a bá fi àwọn tó lo oògùn náà wé àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú, ìbálòpọ̀ tó tẹ́ obìnrin lọ́rùn fi nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lé sí i láàárín oṣù kan. Ìfẹ́ fúnra rẹ̀ padà díẹ̀, ìrònú àti ìtìjú tó so mọ́ ọn sì dín kù. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó ti gbà pé ilẹ̀ ti ṣú. Ṣùgbọ́n oògùn yìí kì í ṣe ajídèwe. Ẹ̀rí kò sí pé ó ń mú egungun le, pé ó ń tún iyè ìrántí ṣe, tàbí pé ó ń lé àárẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń tà á fún yín lórí nǹkan wọ̀nyẹn ń ta ohun tí kò ní lọ́wọ́.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ “tí ń dun òun fúnra rẹ̀” yẹn dáadáa. Obìnrin tí kò ní ìfẹ́ ìbálòpọ̀ mọ́, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní àìsàn kankan. Ẹ̀dùn ọkọ nìkan kò tó láti fi oògùn lé aya lọ́wọ́.

Kí testosterone tó wọ ọ̀rọ̀ rárá, àwọn nǹkan kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Lákọ̀ọ́kọ́, ṣé ojú ara kò gbẹ? Bí ìbálòpọ̀ bá ń dunni bí ọgbẹ́, kò sí testosterone tó lè mú kí ọkàn fà sí i. Estrogen tí à ń fi sí ojú ara ni oògùn ìyẹn: èyí tó jẹ́ hóró, ojoojúmọ́ ni à ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ṣé ooru òjijì àti òógùn òru ń jẹ́ kó sùn? Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó? Àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi sertraline àti fluoxetine máa ń pa ìfẹ́ yìí, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ náà ńkọ́? Bí ìtọ̀ ṣúgà bá ti mú okun rẹ̀ lọ, tí kò sì sọ, a lè máa tọ́jú aya nígbà tí ọkọ ló nílò dókítà.

Ìlànà tí àjọ NICE ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2015 tọ ọ̀nà yìí: họ́mónù ìpìlẹ̀ ni kí obìnrin kọ́kọ́ lò, bí ìfẹ́ kò bá padà lẹ́yìn ìyẹn, kí dókítà wá ronú testosterone. Họ́mónù ìpìlẹ̀ yìí ni estrogen, pẹ̀lú progesterone fún ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà, nítorí estrogen nìkan lè sọ inú ilé ọmọ di jẹjẹrẹ. Testosterone kò lè gba ipò progesterone yìí láé.

Ọ̀nà tí obìnrin ń gbà lo estrogen náà ní ipa tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀. Ẹ̀dọ̀ wa ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní SHBG, òun ló máa ń di testosterone mú nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò fi lè ṣiṣẹ́. Estrogen tí à ń gbé mì máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe púpọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò rí i. Àmì tí dókítà fi ń fojú díwọ̀n testosterone tí wọn kò dì mú ni FAI: ẹ fi SHBG pín testosterone, kí ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100. Obìnrin kan ní testosterone 1.2, SHBG rẹ̀ jẹ́ 60. FAI rẹ̀ jẹ́ 2. Bí estrogen oníhóró bá gbé SHBG yẹn dé 150, testosterone 1.2 kan náà yóò fún un ní FAI 0.8. Testosterone kò dín kù, wọ́n kàn dì í mú ni. Obìnrin bẹ́ẹ̀ lè má nílò ju pé kí ó fi hóró sílẹ̀, kó bọ́ sí estrogen tí à ń fi pa ara tàbí èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ara.

Ìwọ̀n nmol/L ni ilé àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ fi kọ nọ́ńbà méjèèjì kí ìṣirò yìí tó tọ̀nà. Bí ilé àyẹ̀wò bá kọ ng/dL, ẹ fi 28.8 pín testosterone náà. Ẹ sì má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi èsì ẹ̀jẹ̀ nìkan sọ pé testosterone yín “kéré”, ẹ ra oògùn. Kò sí nọ́ńbà tó ń dá àìsàn yìí mọ̀. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀, ìwọ̀n ọkùnrin ni wọ́n ṣe é fún, kì í sì í ríran dáadáa nísàlẹ̀ níbi tí ti obìnrin wà. Ohun tí àyẹ̀wò wà fún ni kí a mọ̀ pé kò ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, àti kí a máa ṣọ́ ọ pé kò kọjá ààlà lẹ́yìn tí a bá bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n tí obìnrin ń lò jẹ́ nǹkan bí 5 mg lójúmọ́ lórí awọ ara, ìdá kan nínú mẹ́wàá 50 mg tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ọkùnrin. Yúróòpù fọwọ́ sí Intrinsa fún obìnrin ní 2006, tí à ń lẹ̀ mọ́ ara, ṣùgbọ́n ní 2012 iléeṣẹ́ tó ni ín kó o kúrò lọ́jà nítorí òwò. Australia fọwọ́ sí kírímù AndroFeme ní 2020: 0.5 ml rẹ̀ ní 5 mg nínú, ike 50 ml kan á sì lo ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Òróró almond wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ almond àti irú rẹ̀, kó sọ.

Jẹ́ẹ̀lì ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ dókítà Gẹ̀ẹ́sì ti ń pín kékeré fún obìnrin, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Tostran 2%, títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ 10 mg. Nítorí náà bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lónìí, a ó fo ọ̀la, ó di ọ̀túnla ká tó tún tẹ̀ ẹ́. Sásẹ́ẹ̀tì Testogel tó jẹ́ 40.5 mg, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ọjọ́ kan, nǹkan bíi hóró ẹ̀wà kan. Ìwé tó wà nínú páálí, ọkùnrin ló ń bá sọ̀rọ̀: yóò ní kí ẹ lo odindi sásẹ́ẹ̀tì. Ẹ má tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti ṣọ́ ara yín ni kí ẹ kọ déètì sára sásẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí ẹ ya á. Ọjọ́ mẹ́jọ ló gbọ́dọ̀ lò. Bó bá tán ní ọjọ́ márùn-ún, ẹ ti ń lò jù.

Ìsàlẹ̀ ikùn, itan tàbí ìdí ni à ń pa á sí, lórí awọ tó gbẹ. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ojú ibẹ̀, torí ibi tí a bá ń pa á sí lójoojúmọ́ ni irun ti ń hù. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó wọ aṣọ, ẹ má wẹ̀ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ọtí wà nínú jẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ẹ jìnnà sí iná ìdáná títí yóò fi gbẹ. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣe pàtàkì gan-an: ní 2009, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà pàṣẹ ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ sára páálí jẹ́ẹ̀lì testosterone, nítorí àwọn ọmọdé tí ara wọn kan ara àgbàlagbà tó pa á, tí oògùn náà sì wọ̀ wọ́n lára. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń pọn ọmọ-ọmọ yín, ẹ má ṣe pa á sí ìdí rárá. Iwájú itan ni kí ẹ pa á sí, kí aṣọ sì bò ó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbà á níbi tí jẹ́ẹ̀lì ti kan awọ, kó má baà fi irọ́ hàn. Bí FAI bá kọjá 5, ẹ dín oògùn kù pẹ̀lú dókítà yín. Ìfẹ́ kì í padà lọ́sẹ̀ kan. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta. Bó bá di oṣù mẹ́fà tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ dá a dúró, ẹ má fi kún un. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún, kó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní oṣù mẹ́fà sí méjìlá. Àwọn ìwádìí tó wà kò kọjá ọdún méjì, wọn kò sì mú àwọn tí ewu àìsàn ọkàn wọn ga wọlé. Ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà pọ̀ láàárín wa, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú tí họ́mónù ń bọ́, àti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Irorẹ́ àti irun díẹ̀ lójú ni ó wọ́pọ̀, wọ́n sì máa ń lọ bí a bá dín oògùn kù. Bí irun orí bá ń re, bí ohùn bá ń ki, bí ẹ̀yà kékeré tó wà lókè ojú ara bá ń tóbi, ìwọ̀n ti pọ̀ jù nìyẹn. Kí ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà. Ohùn tó bá ti ki lè má padà mọ́.

Abẹ́rẹ́ ló kù, òun ló sì bà wá lẹ́rù jù. Sustanon 250 tí wọ́n ń gún fún ọkùnrin ní ojúlówó testosterone 176 mg nínú ìgò kan. Nínú 5 mg jẹ́ẹ̀lì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń wọ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn 0.5 mg. Ẹ fi 0.5 pín 176: ọjọ́ 352. Oògùn tí obìnrin yẹ kó lò fún nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n gún sí i lára lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tú sínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fà á jáde. Hóró tí wọ́n ń rì sábẹ́ awọ kò yàtọ̀ sí i, ìpinnu 2019 kò sì gbà á láyè. Èyí tí à ń gbé mì náà ń ba ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá ní kò sí jẹ́ẹ̀lì, abẹ́rẹ́ nìkan ló wà, ẹ dìde kí ẹ máa lọ ilé.