Iṣẹ́ Wo Ni Òkè Ń Ṣe Nínú Ìtàn Yín?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa. Ọ̀rọ̀ ìtàn kúkúrú la gbé wá lónìí, pàápàá èyí tó dá lórí bí ilẹ̀ tí èèyàn ń gbé ṣe ń darí ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa ló máa ń fi odindi ìpínrọ̀ méjì yin òkè, kí wọ́n yin odò, kí wọ́n yin atẹ́gùn àárọ̀. Tó bá fi máa di ìpínrọ̀ kẹta, òkè ti wábi gbà, ọ̀rọ̀ ti di ti tọkọtaya tó ń jà nínú yàrá. Ẹ gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí Ṣakí, kò sí nǹkan kan tó máa yí padà níbẹ̀. A jẹ́ pé òkè yẹn kàn jókòó lásán ni, kò ṣiṣẹ́ kankan.

Ẹ wo àwòrán tó wà níwájú yín yìí. Òkè Ìdànrè nìyẹn, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Àwọn àpáta ràbàtà-ràbàtà tẹ́ ẹ rí yẹn, àárín wọn lókè lọ́hùn-ún ni ìlú Ìdànrè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún: ààfin Ọwá, ọba wọn, níbẹ̀, ilé ẹjọ́ níbẹ̀, agboolé kálukú níbẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè. Àtẹ̀gùn tí àwọn àlejò ń gùn lọ wo ìlú àtijọ́ náà lónìí lé ní 600. Ẹni tó bá gùn ún, tó bá jí lọ́jọ́ kejì, yóò máa bi ara rẹ̀ pé ẹsẹ̀ ta lòun fi ń rìn.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọdún tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ yẹn lẹ fẹ́ fi kọ ìtàn. Ẹ má tíì ronú nípa bí òkè náà ṣe rí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé, ta ló ń ru ẹrù, kí ló sì wà nínú ẹrù náà? Ìlú tó wà lórí àpáta, iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, orí ẹnì kan ló gbé e gòkè. Àní páànù ìkọ́lé pàápàá! Ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan tó ru páànù dé ìdajì òkè, tí atẹ́gùn wá lu páànù ọ̀hún lábẹ́.

Ẹ̀dá ìtàn tiwa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìyá àgbà kan, opó, tó ń ta epo. Orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní oko kòkó nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni àwọn tó ń ra kòkó wà, ibẹ̀ náà sì ni mọ́tò ń dé. Ọmọ ní, “Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká lọ.” Ìyá ní, “Bàbá rẹ ńkọ́?” Inú yàrá tí ìyá ń sùn ni wọ́n sin bàbá sí.

Ṣé ẹ rí i pé a ò tíì yin òkè rárá? Síbẹ̀, òun ló dá ìjà yìí sílẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò ò lè gòkè wá bá ìyá, sàréè ọkọ rẹ̀ náà ò sì lè bá a sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe máa kọ ọjọ́ tí wọ́n lọ:

“Ó di ẹrù rẹ̀ tán, ó tún tú u. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ pọ̀n ọ́n. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó dà gẹ̀rẹ́, ó jókòó, ó gbá agbè epo mọ́ra, ó sì ń fi ìdí wọ́ láti orí àpáta kan bọ́ sórí èkejì. Ìyàwó ilé kan tó ń gòkè bọ̀ kúnlẹ̀ kí i. Ìyá ò dá a lóhùn.”

Bó ṣe ń fi ìdí wọ́ yẹn ni mò ń sọ. Ká ní ilẹ̀ tó tẹ́jú ni, yóò gbé orí sókè, yóò rìn jáde bí àgbàlagbà. Òkè ló gba iyì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ìyàwó kékeré.

Àmọ́ ẹ má sọ òkè di ọ̀dájú. Láyé ogun, òkè yẹn kan náà ló gba àwọn baba ńlá wọn sílẹ̀. Bó ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó ń pọ́n ìyá àgbà lójú, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe pọ́n àwọn tó fẹ́ kó wọn lẹ́rú lójú. Ìyá mọ èyí, ọmọ tí kò bá ogun láyé ò mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbani, tó tún ń dáni lóró: ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ jókòó tì tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé. Ní ti kí òkè máa sọ̀rọ̀ bí èèyàn, èmi ò fẹ́ ẹ nínú irú ìtàn yìí. Ẹ jẹ́ kí àlọ́ máa jẹ iṣẹ́ yẹn lọ.

Ẹ lè gbé ọgbọ́n yìí lọ sétí òkun. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni Ayétòrò wà, lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Àwọn onígbàgbọ́ kan ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947, nígbà náà, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń ná owó. Òkun ló ń bọ́ wọn, ẹja rẹ̀ ni wọ́n ń pa. Òkun yìí náà ló sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé wọn lọ. Bó bá jẹ́ èmi, káfíńtà ni màá fi ṣe ẹ̀dá ìtàn níbẹ̀. Bí omi bá ti sún mọ́lé, òun ni wọ́n ń pè kó wá tú pákó, kó lọ kàn án síbòmíràn. Bí àdúgbò ṣe ń sunkún ni owó ń wọlé fún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà lọ́jọ́ tí àna rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun tú ilé òun lẹ́ẹ̀kẹta, tí kò sì ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́.