Òjò Burbank àti Ìlù Àyàn: Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn Nínú Fíìmù?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ òṣèré àti àwọn tó ń ya fíìmù sọ nílùú Ọ̀yọ́, nítòsí Àkẹ̀sán, nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ fún kíkà.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Wọ́n ní kí n wá sọ bí ìrẹ́pọ̀ ṣe ń mú fíìmù dára. Mo ní ìjà ni màá sọ. Ìjà àwọn tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kì í ba iṣẹ́ jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ẹni tí òjò ò pa gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Ẹ wo Blade Runner, fíìmù nípa ọlọ́pàá tó ń dọdẹ àwọn ènìyàn àtọwọ́dá, tó jáde ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹfà ọdún 1982. Ọ̀pọ̀ yín ti wò ó, n kò ní í pìtàn rẹ̀. Ridley Scott, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló darí rẹ̀. Hampton Fancher ló kọ́kọ́ sọ ìwé tí Philip K. Dick tẹ̀ jáde ní 1968 di eré. Inú yàrá ni ohun tí Fancher kọ pọ̀ sí jù. Scott wá bi í pé kí ló wà lóde fèrèsé. Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn! Inú rẹ̀ ni ìlú yẹn ti jáde: òjò tí kì í dá, èéfín, iná aláwọ̀ mèremère, èrò tó ń gbún ara wọn nígùn-ún-pá. Kò dùn mọ́ Fancher nínú, torí nígbà tó yá, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún David Peoples pé kó tún un kọ. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ìbéèrè yẹn kúrò, kí ló kù? Yàrá àti ẹnu.

Ní 1981, òru ni wọ́n sábà máa ń ya á ní Burbank, ìlú kan nítòsí Los Angeles, lábẹ́ òjò àtọwọ́dá. Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ kò jẹ́ kí Scott fọwọ́ ara rẹ̀ di kámẹ́rà mú, bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó wá sọ fún ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé òun máa ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá", wọ́n á sì ṣe é. Ìwé ìròyìn náà dé ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà sára ṣẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú èébú, wọ́n wọ̀ ọ́ wá síbi iṣẹ́. Scott náà wọ tirẹ̀, tó bu ẹnu àtẹ́ lu ìkórìíra àjèjì.

Mo ti dúró lábẹ́ òjò bẹ́ẹ̀ rí, rọ́bà omi tí a fi ìṣó lu wẹ́wẹ́, lágogo mẹ́ta òru. Nígbà tí a tún un ṣe lẹ́ẹ̀keje, ọmọ tó gbé iná dání ti ń gbọ̀n, ó sì ń bínú, débi pé òjìji òṣèré ń gbọ̀n lára ògiri. Dárẹ́kítọ̀ rí òjìji yẹn, ó ní ká má fọwọ́ kan án. Òun ló dára jù nínú fíìmù náà.

Ẹ wá wo ìjà kejì. Bud Yorkin àti Jerry Perenchio ló dúró fún owó pé fíìmù náà á parí. Nígbà tí owó kọjá ìwọ̀n, àṣẹ bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi han èrò ní Denver àti Dallas, ìlú méjì ní Amẹ́ríkà, kó tó jáde, kò yé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ni wọ́n bá ní kí Harrison Ford, olórí òṣèré fíìmù náà, máa fi ohùn ṣàlàyé lórí àwòrán. Ford kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n tún so òpin aláyọ̀ mọ́ ọn, ọkọ̀ ń lọ láàárín òkè tútù. Àjẹkù àwòrán tí wọ́n yà fún The Shining, fíìmù mìíràn, ni wọ́n fi ṣe é. Scott fúnra rẹ̀ juwọ́ sílẹ̀. Àwọn kan ṣì ń jiyàn pé ohùn àlàyé yẹn ló jẹ́ kó yé wọn. Ẹni tí wọ́n ń bá rún ẹran lẹ́nu kò ní í mọ̀ pé òun ní eyín.

Wọ́n ti ń nawọ́ aago sí mi. Kíákíá: ní 1990, ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ kan tí ohùn yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀ tún jáde ní Los Angeles, èrò ya lọ wò ó. Ní 1992 wọ́n yọ ohùn àti òpin náà. Ní 2007 Scott wá ṣe é bó ṣe wù ú.

Ó kù kí n sọ bóyá Deckard, ọlọ́pàá tí Ford ṣe nínú fíìmù náà, jẹ́ ènìyàn tàbí àtọwọ́dá, èyí tí Ford àti Scott ò fi gbọ́ra wọn yé, ni bàbá kan láti ìdílé eégún apidán bá nàró. "Ọmọ mi, tí Àyàn bá yí ìlù padà, eégún á yí ẹsẹ̀. Ṣé òṣèré tiwọn láṣẹ bẹ́ẹ̀?"

Mo pa Deckard tì. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá." Peoples kọ ọ̀rọ̀ gígùn fún Rutger Hauer, òṣèré tó ṣe olórí àwọn àtọwọ́dá, láti sọ kí àtọwọ́dá náà tó kú nínú eré. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Hauer gé púpọ̀ dànù, ó sì fi tirẹ̀ kún un: pé gbogbo àkókò wọ̀nyẹn á pòórá bí omijé nínú òjò. Scott gbà á. Gbólóhùn yẹn ló wà lẹ́nu gbogbo ayé lónìí.

Bàbá ò tíì jókòó. "Òǹwòran ńkọ́? Ṣé wọn ò sí nínú agbo ni?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní nínú agbo, ojú eégún ni òǹwòran ti ń hó yéè, eégún á sì yí ijó padà níbẹ̀. Ní Denver, òṣèré ti tú ká kí èrò tó sọ tẹnu wọn. Àwọn olówó ló gbọ́ ọ.

Bàbá mi orí. Ó ní kí n wá sí agbo àwọn nígbà ọdún eégún, kí n wá gbọ́ bí òǹwòran ṣe ń bá Àyàn jà.